Ẹ Gbé Ìwé Ogun Yín Wá Kí Ó Tó Dé Ilé Ìtẹ̀wé

Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo òǹkọ̀wé tó ń kọ ìtàn àròsọ lórí àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú àìsùn òru. Ẹni tó bá jókòó ti ìwé àfọwọ́kọ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tó ń wádìí ohun tí Balógun jẹ kí ó tó wọ ojú ogun, ìkíni tọ́ sí i.

Ìbàdàn ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń gbé. Àwa ni ẹ máa ń gbé ìwé fún kí ó tó di ìwé. Olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ìtàn wà nínú wa, àwọn tó ti ṣe olóòtú rí ní àwọn ilé ìtẹ̀wé Jẹ́ríkò wà nínú wa, ọmọ agboolé jagunjagun wà níbẹ̀, àwọn tó kàn fẹ́ràn ìwé kíkà náà ò sì gbẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ kan la wá bẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ ìfilọ́lẹ̀ kí ẹ tó mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ ka ìwé yín. Ẹ wá nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé pa rẹ́, ẹ bá wa jókòó, ẹ sì bi wá ní ìbéèrè tí a lè dáhùn.

Ìwé ìfẹ́ tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀ kò ju kí òǹkàwé rojú lọ. Ti ogun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ogun Ìjàyè. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ Àtìbà gẹ́gẹ́ bí Aláàfin, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun bẹ́ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ó ti lé ní 160 ọdún, síbẹ̀ agboolé Ìbíkúnlé, ẹni tó jẹ́ Balógun Ìbàdàn nínú ogun náà, wà ní Ayéyè títí dòní. Àwọn ọmọ Ìjàyè tí ogun fọ́n ká wà ní Abẹ́òkúta àti níbòmíràn, ìlú Ìjàyè fúnra rẹ̀ náà sì tún ní èèyàn. Oríkì tí wọ́n ń ki níbi ìyàwó àti níbi òkú kún fún orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ sọ di ẹ̀dá ìtàn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé baba ńlá ẹnìkan sá lójú ogun, ẹ mọ̀ dájú pé ọmọ rẹ̀ yóò ra ìwé náà.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ẹ wá? Kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ ọ́ tán. Nígbà yẹn, ìwé náà ṣì kún fún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé kò dára, ẹ óò sì fi ojú wa ṣòfò. Ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ẹ gbé e jù sílẹ̀ fún oṣù kan, ẹ tún un kà, kí ẹ tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Bó bá ti dé ọwọ́ ẹni tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ó ti pẹ́. Ìpínrọ̀ méjì tí ẹ bá yọ ní ojú ìwé 40 lè da gbogbo ojú ìwé tó tẹ̀ lé e rú, ẹni tó ń to ìwé yóò gba owó mìíràn, ẹ̀yin náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá òtítọ́ yẹn tó owó tí yóò ná yín. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tí òǹkọ̀wé ti mọ̀ ti ń rí àyè wọ ìwé títẹ̀.

Èèyàn mẹ́jọ tó. Ẹ má fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tó lè ka ìwé kan fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fún mẹ́rin, ẹ gbọ́ tẹnu wọn, ẹ tún ìwé kọ, kí ẹ wá fún mẹ́rin yòókù tí wọn kò tíì rí i rí. Nínú mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan mọ ìtàn ogun náà dáadáa. Kí ẹnìkan má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rárá, torí òun ni yóò sọ ibi tí ìtàn ti dojú rú. Kí ẹnìkan jẹ́ àgbà tó gbọ́ oríkì àti èdè àtijọ́. Kí ẹni kẹrin sì wá láti ìlú tí wọ́n bá jà nínú ìwé yín. Bó bá jẹ́ Kírìjì lẹ ń kọ, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ wá ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó ti ń gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, láti kékeré yóò rí ohun tí ẹni tí wọ́n fi ìtàn Látòósà, olórí Ìbàdàn, tọ́ kò ní rí. Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ kò sí nínú mẹ́jọ yìí. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ràn, ìwé náà kọ́ ni wọn yóò máa kà.

Ẹ̀dà tí ẹ óò fún wa náà ní bó ṣe yẹ kó rí. Bébà A4, ojú kan ṣoṣo, àlàfo ìlà méjì, kí etí ọ̀tún fẹ̀ tó ibi tí bíró lè kọ nǹkan sí. Lẹ́tà ìwọ̀n 14 fún àwọn àgbà, 12 fún àwọn yòókù. Kí nọ́ńbà wà lórí ojú ìwé, kí ó sì wà létí ìlà. Kọ̀ǹpútà lè fi nọ́ńbà ìlà sí i fúnra rẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwé tó ní 80,000 ọ̀rọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ojú ìwé bó bá rí báyìí. Ẹ má dì í pọ̀ ṣe ọ̀kan. Ẹ pín in sí orí mẹ́rin mẹ́rin, kí èèyàn lè mú díẹ̀ dání nínú mọ́tò tàbí kí ó kà á lórí ibùsùn. Èyí tó bá nípọn jù, orí tábìlì ni yóò máa gbé. Lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fún àti ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Orúkọ kì í jẹ́ kí ẹ̀dà máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, ọjọ́ ló sì ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá orí tí ẹ ti tún kọ ni òǹkàwé ń bá yín jà lé lórí.

Fún àwọn tó fẹ́ kà á lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní òmíràn nísàlẹ̀, bíi ọ̀ àti ẹ́, máa ń fọ́ tàbí kó di àpótí òfìfo bí fọ́ǹtì kò bá gbà á. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif gbà á. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ ṣí i lórí fóònù mẹ́ta tí kì í ṣe oríṣi kan náà. Ojú ìwé kan tó fọ́ tó láti mú kí àgbà òǹkàwé pa fóònù rẹ̀ dé, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sí ọwọ́ àwọn tí ì bá tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láìrí i. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ló tún un kó jọ láti inú àwọn ìwé pélébé tó fi sílẹ̀, 1921 ló sì tó jáde. Ẹ fojú inú wò ó bí kò bá sí àbúrò náà.

Yàtọ̀ sí ìwé fúnra rẹ̀, bébà kan wà tí òǹkọ̀wé kì í sábà mú wá, òun la sì nílò jù. Ẹ tò ó fún àwọn tó mọ ìtàn nínú wa, ní orí kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ rí nínú àkọsílẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àgbà, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀. Kí oríṣi mẹ́ta yìí ní àwọ̀ bíró mẹ́ta. Láìsí èyí, a óò lo ọjọ́ mẹ́ta láti máa wá ọkùnrin tí ẹ kàn fi ọkàn yín ṣẹ̀dá. Ẹ kọ ibi tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá pẹ̀lú, torí kò sí èyí tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tó fì sí. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ ní 1859, Abẹ́òkúta ló ti ń jáde, Ẹ̀gbá sì wà lẹ́yìn Ìjàyè nínú ogun náà. David Hinderer, ajíhìnrere bíi tirẹ̀, àti Anna ìyàwó rẹ̀, Kúdẹtì ní Ìbàdàn ni wọ́n há sí nígbà tí ogun dí ọ̀nà Èkó, ohun tí wọ́n rí láti ibẹ̀ ni wọ́n kọ. Adolphus Mann, ajíhìnrere mìíràn, wà nínú Ìjàyè gan-an. Orí tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn nìkan máa ń hàn sí ẹni tó ti ka àwọn yòókù. Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, a sì lè bá yín lọ.

Nípa ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi wá pé, "Ṣé ó dùn?" Ọmọ Yorùbá wo ni yóò wo ojú yín tí yóò ní kò dùn? Ẹ bi wá pé: ojú ìwé wo lẹ ti gbé e sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́? Ibo lẹ ti fò? Àwọn ẹ̀dá ìtàn wo lẹ ń ṣì mú fún ara wọn? Ta lẹ rò pé yóò kú, ojú ìwé wo lẹ sì ti mọ̀? Irú ìdáhùn tó wúlò rèé, a kọ ọ́ bí àpẹẹrẹ: "Orí 7, ojú ìwé 112, ìlà 9 sí 15. Àjàní yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sáré dé ìdí ọ̀pẹ. Ṣakabùlà ni mo rò pé ó gbé. Láti ibí títí dé òpin orí náà, mi ò gba ìtàn gbọ́ mọ́." Ẹni tó kọ èyí ti ṣe yín lóore ju ẹni tó kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run bù kún ọgbọ́n yín lọ. Àwọn àgbà tí kò fẹ́ kọ nǹkan, ẹ ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ojú ìwé àti ìlà, kí ohùn kan má sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ẹ lè tún un gbọ́.

Ìbọn yẹn gan-an ni ibi tí ìwé ogun ti ń ṣubú jù. Ẹni tó gbé ṣakabùlà yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi àkísà dí i, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, yóò da ọta sí i, yóò tún dí i, yóò bu ẹ̀tù díẹ̀ síbi tí òkúta ìṣáná yóò ti ṣá iná, kí ó tó gbé e sójú. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wù kó yá tó, ọ̀tá tó wà ní 100 ẹsẹ̀ bàtà á ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú idà kí ó tó ki èkejì tán. Bí òjò bá rọ̀ sí ẹ̀tù, igi lásán ló gbé lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ogun fi ń dá lórí ìlà, kí àwọn kan máa yìn, kí àwọn kan máa ki. Ẹ̀rù tó wà láàárín yíyìn méjì dára fún ìtàn ju kí ìbọn máa dún láìdẹwọ́ lọ. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn bíi Snider, 1866 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e fún ọmọ ogun tirẹ̀, kò sì lè sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìjàyè ní 1861. Ní Kírìjì, ó wà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ló ń fi ránṣẹ́ sí ibùdó Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, ojú Ìbàdàn sì rí nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Oyè ló tẹ̀ lé e. Ìbàdàn kì í jẹ oyè kan títí kú, gígùn ni wọ́n ń gùn ún. Ògúnmọ́lá tó jẹ́ Ọ̀tún nígbà ogun Ìjàyè ti di Baṣọ̀run ní 1865. Látòósà di Ààrẹ ní 1871, ó kú ní ibùdó Kírìjì ní 1885, ìwé àfọwọ́kọ tó bá sì fi í sí ìdí àdéhùn àlàáfíà 1886 ti jí òkú dìde. Ẹni tí kò mọ ìtàn kò ní mọ̀ pé Ọ̀tún orí kejì àti Baṣọ̀run orí kejìlá jẹ́ ẹnìkan náà. Ẹ to orúkọ, oyè àti ọdún sí iwájú ìwé, kí ó má ju ojú ìwé kan lọ.

Owó náà ń kọsẹ̀. Ogójì owó ẹyọ ló wà lórí okùn kan, okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù tó tó orí èèyàn kan rù. Obìnrin tó di ọ̀kẹ́ márùn-ún mọ́ etí ìró, kí ló jẹ? Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí kò tíì sí nígbà náà pẹ̀lú. Gbọ̀ngàn Màpó tó wà lórí òkè ní Ìbàdàn, 1929 ni wọ́n ṣí i. Òkè náà nìkan ni jagunjagun yín lè dúró lé. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ní 1861 pé òun ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ ọjà àti oòrùn ni kó fi dá àkókò.

Èyí tó ń dùn wá jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ìbọn nìkan ni ogun. Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ká. Wọ́n ń dáko yí ibùdó ká, ọjà ń ná níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Ta ló ń gbé ẹ̀tù wá, láwìn àbí lówó? Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n pa ní 1874, wà lára àwọn tí olóyè ogun jẹ ní gbèsè ohun ìjà. Nínú Ìjàyè tí wọ́n sé mọ́, ebi mú débi pé òbí ń fi ọmọ sọfà. Bí ẹ bá fi orí kan sílẹ̀ fún ìkòkò òfìfo ìyá kan nínú odi yẹn, a óò bá yín kà á tán, ọkàn wa yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kà á, lẹ́yìn náà kí a pàdé fún wákàtí méjì. Kí ẹlòmíràn darí ìpàdé, kí òǹkọ̀wé má sọ̀rọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ bí kò ṣe láti kí wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló sábà máa ń ba ìpàdé báyìí jẹ́ nílẹ̀ wa. Bí bàbá ẹni 75 ọdún bá kọ́kọ́ la ẹnu pé orí karùn-ún dára, ọmọ ọdún 22 tó sùn lọ lórí rẹ̀ kò ní sọ ọ́ mọ́, yóò ní, "Bí bàbá ṣe wí ni, sà." Nítorí náà, kí kálukú fi ìwé tó kọ sílẹ̀ jíṣẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àwọn àgbà gbẹ̀yìn. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn àgbà ṣáájú, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀, kí wọ́n má rò pé ẹ fojú di wọ́n. Tí a bá mọ ìdí rẹ̀, a máa ń gbà. Kí oúnjẹ dúró di ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, torí ó ṣòro láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé ẹni tí àmàlà rẹ̀ wà lẹ́nu wa. Ní wákàtí kejì, ẹ bi wá ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ má gbèjà ìwé. Òǹkàwé tí yóò rà á ní ọjà kò ní rí yín nítòsí kí ẹ ṣàlàyé fún un.

Èrò wa yóò takora, kò sì burú. Bí èèyàn mẹ́ta bá kọsẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ ti bàjẹ́, bí ọ̀nà àtúnṣe tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú wá bá tilẹ̀ jẹ́ òdì. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní òun ò fẹ́ràn ìwà ẹ̀dá ìtàn kan, ẹ lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní ọdún kan tàbí oyè kan kò tọ̀nà, ẹ lọ wádìí. Ìmọ̀ ẹnìkan tó nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nípa ẹ̀sùn àwọn ọmọ agboolé, ẹ bi wọ́n ní ẹ̀rí. Bí ohun tí ẹ kọ bá wà nínú àkọsílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ fún wọn kí ìwé tó jáde, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ọjà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ gidi kúrò, ẹ gbé ojo náà fún ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣẹ̀dá. Oríkì tó bú ìlú mìíràn, ẹ fi sí ẹnu ẹni tí yóò kì í lójú ogun lóòótọ́. Ẹ má fi sí ẹnu ẹ̀yin tó ń sọ ìtàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìpàdé, ẹ kọ ojú ìwé kan sí wa: ohun tí ẹ gbà, ohun tí ẹ kò gbà, àti ìdí. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan kì í ka ìwé kejì fún yín. A ò bèèrè owó, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó ìyìn lọ́wọ́ yín. Owó ọkọ̀ fún àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, àti ẹ̀dà kan nígbà tó bá jáde, ti tó. Ẹ bèèrè kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ojú ewé ìdúpẹ́, torí àwọn kan nínú wa kò fẹ́ kí agboolé wọn mọ̀ pé àwọn ti ka orí kẹsàn-án.

Bí ìwé yín bá ti ṣe tán, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orí mẹ́ta la ń fẹ́: orí kìíní, orí kan tí ìjà wà nínú rẹ̀, àti orí kan tí ìbọn kankan kò ti dún, pẹ̀lú bébà àwọ̀ mẹ́ta yẹn. A óò sọ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bóyá àwa ni òǹkàwé tó yẹ ẹ́, tàbí ẹni tí a mọ̀ tó sàn jù wá lọ fún ogun tí ẹ ń kọ.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn